Dráífà wo ni kí n kó sínú fláàṣì Windows? Iṣẹ́ ilé-ìwé kan wà ní Iléṣà

Alátùn-únṣe_Lagere · Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Ilé-ìwé girama kan ní Iléṣà pè mí pé kí n wá fọ́máàtì gbogbo ohun tó wà ní yàrá kọ̀ǹpútà wọn. Mo ti kọ́kọ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, oríṣiríṣi ni wọ́n kó síbẹ̀. Dell OptiPlex 780 àtijọ́ wà níbẹ̀, tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. HP EliteBook 840 G3 tòkunbọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn láptọ́ọ̀pù tuntun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ rà fún wọn náà wà níbẹ̀, Intel ìran kọkànlá àti ìkejìlá, iléeṣẹ́ tó ṣe wọ́n kò sì dọ́gba.

Àwọn tuntun yìí gan-an ló fẹ́ dójú tì mí. Tí fláàṣì Windows 11 mi bá búùtù, tó bá dé ibi tí èèyàn ti ń yan díìsìkì, òfìfo ni mo ń rí. Ó kàn ń sọ pé kí n tẹ "Load driver", kí n fún un ní dráífà, ìyẹn ètò tí Windows fi ń bá ohun èlò sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ díìsìkì NVMe (irú SSD kan) wà nínú wọn, BIOS (ètò tó ń kọ́kọ́ dìde kí Windows tó dé) sì rí i.

Íntánẹ́ẹ̀tì kò sí ní ilé-ìwé náà. Netiwọ́ọ̀kì fóònù lọ́hùn-ún, ìgbà tó bá wù ú ló ń wá. Ohun tí mi ò bá gbé láti Ifẹ̀, mi ò ní rí i tí mo bá débẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé tún ti ra páálí DVD òfìfo kan sílẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ẹ̀dà ohun tí mo bá lò wà ní ọ́fíìsì àwọn.

Dráífà wo ni kí n kó sí i, èwo ni kí n fi sílẹ̀? Fláàṣì 32 GB ló wà lọ́wọ́ mi.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà_Gidi · Ajé, 8:31 alẹ́

Ẹ káàbọ̀ sí ìlú wa. Ẹ rí i pé ẹ gba owó yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀ o. Àwa ọmọ òṣòmàálò mọ bí a ṣe ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn, kí á san án ni kì í yá 😂

Ní tèmi, kó gbogbo rẹ̀. Snappy Driver Installer Origin, ọ̀fẹ́ ni, kò sí dráífà tí kò sí níbẹ̀. Ra fláàṣì 64 GB, da gbogbo rẹ̀ sí i, kí ọkàn rẹ balẹ̀. Ta ló fẹ́ dé Iléṣà kí ó wá máa wá dráífà Wi-Fi kiri?

Ẹ̀gbọ́n_Mayfair · Ajé, 9:05 alẹ́

Àbúrò Lagere, fara balẹ̀. Má tíì ka orúkọ dráífà kankan. Kọ́kọ́ bi ara rẹ pé: kí ni ohun tó jẹ́ pé bí kò bá sí nínú fláàṣì yìí, iṣẹ́ ò ní lè kúrò lójú kan? Ìyẹn nìkan ni kó wọ inú ohun tí Windows máa lò láti wọlé. Ìyókù lè tẹ̀ lé ọ lọ sí Iléṣà, àmọ́ inú fódà ọ̀tọ̀ ni kó wà.

Tí o bá wò ó dáadáa, nǹkan méjì péré ló lè dá Windows dúró pátápátá: kí ó má rí díìsìkì tó fẹ́ wọ̀, àti kí ó wọlé tán kí ó má rí netiwọ́ọ̀kì tí Windows Update yóò fi wá ìyókù. Sikirínì kò lè dá ọ dúró. Bí kò bá sí dráífà NVIDIA tàbí AMD, Microsoft Basic Display Adapter á gbé àwòrán jáde. Ojú rẹ̀ lè má dán, àmọ́ wàá ríran ṣiṣẹ́. Dráífà NVIDIA kan ṣoṣo ju 500 MB lọ, ti díìsìkì tí à ń sọ yìí kò ju mẹ́gábáìtì díẹ̀ lọ. Ohùn kò lè dá ọ dúró. Kámẹ́rà ńkọ́? Ta ló ń fi kámẹ́rà fọ́máàtì? Tọ́ọ̀ṣìpáàdì àwọn láptọ́ọ̀pù tuntun míì lè má dáhùn títí dráífà Intel Serial IO yóò fi wọlé. Máòsì USB kan nínú àpò rẹ ló máa yanjú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ díìsìkì tó sọ nù: VMD ni, ètò Intel kan tó ń dúró láàárín kọ̀ǹpútà àti díìsìkì. Láti ìran kọkànlá ni ó ti ń yọ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu lórí láptọ́ọ̀pù. Tí wọ́n bá tan VMD sílẹ̀ nínú BIOS, ẹ̀yìn rẹ̀ ni NVMe máa wà, bí ẹni tó wà nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. BIOS mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àmọ́ fláàṣì Windows tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ò lè wọlé lọ bá a. Dráífà tí o ń wá ni Intel Rapid Storage Technology, fáìlì tó ṣe kókó nínú rẹ̀ ni iaStorVD.inf. Tí ID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ohun èlò) tí o rí bá jẹ́ PCI\VEN_8086&DEV_9A0B, VMD ìran kọkànlá nìyẹn; DEV_467F ni ti ìkejìlá.

PẹńgúwìnìOAU · Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Ṣé kò kúkú ní rọrùn kó pa VMD nínú BIOS? Kò ní nílò dráífà kankan mọ́ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n_Mayfair · Ajé, 9:20 alẹ́

Ó ṣeé ṣe, nígbà tó jẹ́ pé fọ́máàtì tuntun ni. Windows ní dráífà NVMe tirẹ̀, tí o bá pa VMD yóò rí díìsìkì. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ẹni tó máa wá lẹ́yìn rẹ. Bátìrì BIOS á kú lọ́jọ́ kan, ìtòlẹ́sẹẹsẹ á padà sí ti iléeṣẹ́, VMD á tún tàn, Windows tí wọ́n fi sí i láìsí dráífà yẹn á sì máa gbé INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE jáde. Ilé-ìwé á pe ẹlòmíràn, onítọ̀hún á ní díìsìkì ti bàjẹ́, á sì ta òmíràn fún wọn. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan tilẹ̀ fi bọ́tìnnì VMD pamọ́ nínú BIOS, o ò ní rí i pa.

Jẹ́ kí VMD wà ní títàn. Fi dráífà sí i.

Àǹtí_Kàfé_Sábó · Ajé, 9:44 alẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀ńjínníà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí àwa tí kàfé là ń ṣe o. Èmi náà ní láptọ́ọ̀pù kan tó ń ṣe báyìí ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ dáńlóòdù dráífà yẹn, ó kó o sí fláàṣì, ó tẹ "Load driver", Windows ní òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Fáìlì tó kó síbẹ̀, SetupRST.exe ló ń jẹ́. Ṣé òun kọ́ ni?

Alátùn-únṣe_Lagere · Ajé, 9:51 alẹ́

Àǹtí, òun ni, àmọ́ kò tíì tú u. Windows tó ń wọlé lọ́wọ́ kì í ka .exe. Ohun tó ń wá ni fáìlì .inf, pẹ̀lú .sys àti .cat rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kó ṣí Command Prompt lórí kọ̀ǹpútà míì tó ń ṣiṣẹ́, kó wọ fódà tí fáìlì yẹn wà, kó tẹ:

SetupRST.exe -extractdrivers RST

Fódà RST á jáde. Nínú rẹ̀ ni kí ẹ wá èyí tí iaStorVD.inf wà, ẹ kó odindi fódà náà sí fláàṣì, ẹ má mú .inf nìkan. Tí ẹ bá tún tẹ "Load driver" báyìí, orúkọ Intel kan á jáde, ẹ yàn án. Díìsìkì á fara hàn.

Àǹtí_Kàfé_Sábó · Ajé, 10:37 alẹ́

Ó ti jáde o!!! Ẹ ṣeun gan-an. Ọmọ yìí ti ní kí n ra díìsìkì tuntun.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà_Gidi · Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀

Ẹ kú oríire, Àǹtí.

Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Kí ló burú nínú kí ó kó gbogbo rẹ̀? Ààyè fláàṣì kò wọ́n mọ́.

Ẹ̀gbọ́n_Mayfair · Ìṣẹ́gun, 7:48 àárọ̀

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààyè fláàṣì, àbúrò. Tí o bá da ọ̀pọ̀lọpọ̀ dráífà sínú install.wim (fáìlì inú fláàṣì tí Windows fúnra rẹ̀ wà), gbogbo wọn ló máa bá Windows lọ sórí díìsìkì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á jókòó sínú DriverStore (ibi tí Windows ń kó dráífà pamọ́ sí) títí ayé, ìbáà ṣe pé ohun èlò wọn kò sí lára kọ̀ǹpútà yẹn. Lórí SSD 128 GB, ó máa dùn ọ́.

Ohun tó tiẹ̀ burú ju ìyẹn ni pé tí dráífà méjì tàbí mẹ́ta bá bá ohun èlò kan náà mu, Windows ló máa yan èyí tó wù ú, á wo bí ID ṣe bára mu sí, á wo ọjọ́ àti nọ́ńbà ẹ̀dà. Èyí tó yàn kì í ṣe èyí tí iléeṣẹ́ láptọ́ọ̀pù dán wò nígbà gbogbo. Mo ti bá láptọ́ọ̀pù kan pàdé tí àkójọ dráífà ńlá kan ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Wi-Fi rẹ̀ ń já bí ẹni tó ń sọkún, ìgbà tí mo yọ dráífà tí wọ́n fún un tí mo fi ti iléeṣẹ́ rẹ̀ sí i ló tó fara balẹ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára kọ̀ǹpútà yẹn rárá.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, oríṣiríṣi ojúlé ló ń pe ara wọn ní olùpèsè dráífà. Òmíràn nínú wọn, ètò ìpolówó tí o ò béèrè ló máa kó bá ọ. Èmi kì í gba dráífà níbòmíràn ju ojúlé ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà náà, tàbí ti ẹni tó ṣe ṣíìpù inú rẹ̀, tàbí Microsoft Update Catalog.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà_Gidi · Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀

Ìyẹn dára fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Mayfair, tí ẹ ń jí Wi-Fi Yunifásítì lò 😂 Ẹni tó bá wà ní ibi tí dátà kì í ti í rìn ńkọ́? Ẹ ní kí ó jẹ́ kí Windows Update bá a wá ìyókù. Windows Update wo? Ní ilé-ìwé tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ̀gbọ́n_Mayfair · Ìṣẹ́gun, 8:26 àárọ̀

Ibẹ̀ yẹn lo ti sọ òótọ́. Mo gbà.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ìyókù tẹ̀ lé e nínú fódà ọ̀tọ̀. Dráífà sikirínì, ohùn, bluetooth, kí ó kó wọn ní fódà-fódà, orúkọ àwòṣe kọ̀ǹpútà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó fi wọ́n sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn tí Windows bá ti wọlé. Snappy tí o ń pariwo, tí ó bá fẹ́, kí ó mú apá LAN (netiwọ́ọ̀kì olókùn) àti ti WLAN (Wi-Fi) nìkan nínú rẹ̀. Àmọ́ kí ó má kó o sínú install.wim.

PẹńgúwìnìOAU · Ìṣẹ́gun, 11:15 àárọ̀

Ẹ gbà mí láàyè kí n dá sí ọ̀rọ̀ àwọn OptiPlex 780. Core 2, ṣíìpù Intel àtijọ́, ni wọ́n. Windows 11 kò gbà wọ́n, Windows 10 náà, Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025. Debian, irú Linux kan, ni kí ẹ fi sí wọn, kí ẹ fi XFCE ṣe ojú rẹ̀ kó lè fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ dráífà lórí Linux yàtọ̀: inú kernel (ọkàn Linux) gan-an ni ọ̀pọ̀ jù lọ wà. Netiwọ́ọ̀kì olókùn ara 780, Intel ni, kernel ti mọ̀ ọ́n láti ọdún gbọ́ọ́rọ́, dráífà e1000e ni ó ń lò.

Ohun tó máa ń sọ nù lórí Linux ni fímúwíà, èyí tí ohun èlò náà fúnra rẹ̀ ń gbà wọlé kó tó lè ṣiṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, Debian kò fi fímúwíà tí kì í ṣe ọ̀fẹ́ sínú díìsìkì rẹ̀, èèyàn ní láti wá a lọ́tọ̀. Wọ́n dìbò lórí rẹ̀ ní 2022. Nígbà tí Debian 12 jáde ní 10 Oṣù Kẹfà 2023, ó ti wà nínú díìsìkì fúnra rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún Broadcom àtijọ́ o. BCM4312 tó wà lára ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́, fímúwíà rẹ̀ kò sí lórí díìsìkì Debian títí di òní, ìwé-àṣẹ rẹ̀ ni kò gbà kí wọ́n pín in. Íntánẹ́ẹ̀tì ni firmware-b43-installer ti ń lọ gbé e nígbà tí ẹ bá ń fi í sí i. Tí ẹ bá rí 14e4 nínú lspci -nn (àṣẹ Linux tó ń to ohun èlò inú kọ̀ǹpútà), ẹ gbé ìmúra.

Alátùn-únṣe_Lagere · Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán

Ẹ ṣé gan-an, Pẹ́ńgúwìnì. Lóòótọ́ ni, Debian ló máa wọ àwọn 780.

Ọ̀rọ̀ DVD tí mo sọ, mo wò ó. ISO Windows 11 (odindi fáìlì tí a fi ń fi í sí kọ̀ǹpútà) ti ju 5 GB lọ báyìí, DVD lásán kò gbà ju 4.7 GB. Kò wọ̀ ọ́ kí n tó fi dráífà kankan sí i. Mo ti pe ọ̀gá ilé-ìwé, mo ní Debian ni máa fi sí DVD fún wọn, Windows á wà lórí fláàṣì. Inú wọn kò dùn sí i, wọ́n ti náwó.

Ó ku iṣẹ́ gan-an. Ẹ̀gbọ́n, níbo ni dráífà VMD yẹn ń wọ̀, boot.wim ni àbí install.wim?

Ẹ̀gbọ́n_Mayfair · Ìṣẹ́gun, 2:47 ọ̀sán

Méjèèjì. Wàá tún rí ìkẹta.

boot.wim ni Windows kékeré tó ń búùtù láti fláàṣì, òun ló ń béèrè pé díìsìkì wo. Apá méjì ló wà nínú rẹ̀. Index 1 ni Windows PE lásán, Index 2 ni Setup, èkejì yìí ni kí o fọwọ́ kàn. install.wim ni Windows tó máa jókòó sórí díìsìkì. Tí dráífà bá wà nínú boot.wim nìkan, Setup á rí díìsìkì, á da Windows sí i. Tó bá di ìgbà tí Windows tuntun fẹ́ dìde fúnra rẹ̀, má jẹ́ kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀nà. Ìkẹta ni winre.wim, inú install.wim ló sá pamọ́ sí, ní Windows\System32\Recovery. Òun ni wọ́n ń lò láti tún Windows ṣe nígbà tó bá ṣubú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Windows bá ṣubú ni wọ́n tó mọ̀, tí ohun àtúnṣe fúnra rẹ̀ bá ní òun ò rí díìsìkì.

Da ohun tó wà nínú ISO sí C:\win, yọ àmì Read-only kúrò lórí àwọn .wim, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ DISM (àṣẹ Windows tí a fi ń ṣí .wim) á yarí. Dráífà rẹ wà ní C:\drv, o sì ti dá fódà òfìfo C:\mount sílẹ̀. Ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alákòóso:

dism /Mount-Image /ImageFile:C:\win\sources\boot.wim /Index:2 /MountDir:C:\mount
dism /Image:C:\mount /Add-Driver /Driver:C:\drv /Recurse
dism /Unmount-Image /MountDir:C:\mount /Commit

Ṣe bákan náà fún install.wim, ṣùgbọ́n mọ Index tí o fẹ́. Home ní tirẹ̀, Pro ní tirẹ̀; èyí tí o kò bá fọwọ́ kàn, kò ní ní dráífà. Tí o bá rí i pé install.esd ni wọ́n fún ọ, kò ṣeé ṣí bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́ fi dism /Export-Image sọ Index tí o fẹ́ di .wim.

Má ṣe é nígbà tí iná ọba bá ń ṣẹ́jú, àfi tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ dúró. Tí iná bá lọ lójú Commit, fáìlì .wim náà á há sáàárín. dism /Cleanup-Mountpoints ni wàá fi tú u, kí o tó tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà_Gidi · Ìṣẹ́gun, 3:01 ọ̀sán

Gbogbo iṣẹ́ yìí nítorí dráífà kan ṣoṣo? Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà fẹ́ràn wàhálà.

Ọ̀nà kan wà tó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dá fódà kan sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ fláàṣì, orúkọ rẹ̀ gẹ́ẹ́ ni $WinPEDriver$. Àmì owó yẹn wà níwájú, ó wà lẹ́yìn. Ju fódà dráífà tí o ti tú sínú rẹ̀. Setup á wá a fúnra rẹ̀ tó bá ń búùtù, á lò ó, á sì gbé e wọ inú Windows tó ń fi sórí díìsìkì. Kò sí DISM kankan níbẹ̀, kò sí Mount.

Ẹ̀gbọ́n_Mayfair · Ìṣẹ́gun, 3:15 ọ̀sán

Ọmọ òṣòmàálò, o mọ iṣẹ́, o kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni.

Òótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́. Fún iṣẹ́ yìí, Lagere, ọ̀nà Ọmọ Ìjẹ̀ṣà yìí ni mo tilẹ̀ máa ní kí o gbà. Tí dráífà tuntun bá jáde, pípa fódà dà ni, ìwọ ò ní ṣí .wim. Kìkì pé kí o má kó gbogbo ayé síbẹ̀, nítorí gbogbo ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ni Setup máa gbìyànjú láti gbé. Dráífà VMD àti ti netiwọ́ọ̀kì, ó tó. winre.wim nìkan ni ọ̀nà yìí kò bá ọ ṣe.

Àǹtí_Kàfé_Sábó · Ìṣẹ́gun, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń mọ dráífà netiwọ́ọ̀kì tó máa nílò kí ó tó fọ́máàtì? Tí èèyàn bá ti fọ́máàtì tán, Device Manager á kàn kún fún àmì ìyanu òféèfèé.

Alátùn-únṣe_Lagere · Ìṣẹ́gun, 5:22 ìrọ̀lẹ́

Àǹtí mi, kí ẹ tó fọ́máàtì ni kí ẹ ti gbà á. Tí Windows inú rẹ̀ bá ṣì ń dìde, ẹ dá fódà kan sí fláàṣì, ẹ tẹ:

dism /online /Export-Driver /Destination:E:\drv

E yẹn ni lẹ́tà fláàṣì yín. Gbogbo dráífà tí kì í ṣe ti Microsoft fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yẹn, á kó wọn jáde ní .inf, wọ́n ti tú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kò ní lo dátà kankan. Ohun tí mo ṣe fún àwọn 840 G3 nìyẹn nígbà tí mo lọ wò wọ́n, nítorí wọ́n ṣì ń dìde. Bẹ́ẹ̀ àwọn 840 G3 kò tilẹ̀ fẹ́ wàhálà, Wi-Fi Intel 8260 ló wà nínú àwọn tí mo ṣí, Windows 10 sókè mọ̀ ọ́n láìsí pé a kó dráífà wá.

Tí kò bá dìde mọ́, ẹ fi fláàṣì Linux búùtù, ẹ tẹ lspci -nn gẹ́gẹ́ bí Pẹ́ńgúwìnì ṣe wí, ẹ kọ nọ́ńbà tó jáde sílẹ̀. 8086 ni Intel, 10ec ni Realtek, 14e4 ni Broadcom, 168c ni Atheros, 14c3 ni MediaTek. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló máa sọ irú èyí tó jẹ́ gan-an.

PẹńgúwìnìOAU · Ìṣẹ́gun, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má gbàgbé okùn fóònù o. Ọ̀pọ̀ fóònù Android, tí ẹ bá fi okùn USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tí ẹ tan USB tethering, Windows á rí i bí netiwọ́ọ̀kì olókùn, láìsí dráífà Wi-Fi rárá. Linux náà rí i. iPhone ni kì í tètè gbà lórí Windows, ó ń fẹ́ dráífà Apple. Ibi tó bá ti há, okùn yẹn ló ń yọ èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n_Mayfair · Ìṣẹ́gun, 6:03 ìrọ̀lẹ́

Okùn tó ń gba dátà ni o, kì í ṣe okùn ṣájà tí wọ́n ń tà lójú títì tí iná nìkan ń gba inú rẹ̀.

Lagere, ohun kan ṣì kù. Windows 11 á fẹ́ netiwọ́ọ̀kì àti àkáǹtì Microsoft kí ó tó jẹ́ kí o wọlé. Ilé-ìwé tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Rufus, ètò tí a fi ń ṣe fláàṣì tó ń búùtù, ni kí o fi kọ fláàṣì náà, á bi ọ́ bóyá kí ó yọ ìbéèrè àkáǹtì yẹn kúrò, fi àmì sí i. Tí install.wim bá ti ju 4 GB lọ, fláàṣì tí wọ́n fọ́máàtì sí FAT32 kò ní gbà á. Rufus á lo NTFS fún ọ, á ṣètò bí yóò ṣe búùtù. Bí o bá fẹ́ FAT32 dandan, dism /Split-Image pẹ̀lú /FileSize:3800 á gé e sí méjì.

Alátùn-únṣe_Lagere · Ọjọ́bọ̀, 9:36 alẹ́

Mo ti dé láti Iléṣà. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó bá iṣẹ́ yìí pàdé lẹ́yìn mi mọ bó ṣe lọ.

Ohun tó wà nínú $WinPEDriver$ ni RST fún VMD, Wi-Fi Intel AX201, Realtek RTL8821CE, àti dráífà LAN Realtek. Kò tó ohun tí èèyàn máa pè ní ẹrù. Fódà kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, sikirínì àti ohùn fún àwòṣe kọ̀ọ̀kan. Debian wà lórí DVD méjì, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún ọ́fíìsì wọn.

Gbogbo láptọ́ọ̀pù tuntun rí díìsìkì lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò tilẹ̀ tẹ "Load driver" níbì kankan. Àwọn 780 gba Debian, netiwọ́ọ̀kì olókùn wọn dìde láìbéèrè ohunkóhun. Ọ̀kan ṣoṣo ló fẹ́ gba ọ̀nà ẹ̀yìn: láptọ́ọ̀pù tuntun kan tí gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Realtek, tòun wá jẹ́ PCI\VEN_14C3&DEV_7961. MediaTek MT7921 ni, bẹ́ẹ̀ àwòṣe kan náà ló wà lára gbogbo wọn, òde wọn kò yàtọ̀ rárá. Mo lo okùn fóònù, netiwọ́ọ̀kì fi wákàtí kan ṣe fàájì kí dráífà tó wọlé. Ẹ má wo orúkọ àwòṣe nìkan, ẹ ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ wo ID rẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà_Gidi · Ọjọ́bọ̀, 9:50 alẹ́

MT7921 yẹn wà nínú Snappy o. Mo kàn ń sọ ni 😂

Ṣé wọ́n san owó?

Alátùn-únṣe_Lagere · Ọjọ́bọ̀, 9:58 alẹ́

Ìdajì. Wọ́n ní kí n padà wá ní ìparí oṣù.

Àǹtí_Kàfé_Sábó · Ọjọ́bọ̀, 10:11 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi. Tí o bá ráyè lọ́la, yà sí Sábó, mo ní fláàṣì 16 GB kan, bá mi da $WinPEDriver$ rẹ sí i. Ṣé mo lè fi dráífà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ti ẹ̀rọ ìtẹ̀ka kún un?

Alátùn-únṣe_Lagere · Ọjọ́bọ̀, 10:15 alẹ́

Mo ń bọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́rin, Àǹtí. Ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ìtẹ̀ka, inú fódà kejì ni kí ẹ kó wọn sí, kí ẹ fi wọ́n sí i tí Windows bá ti wọlé tán. MT7921 ni mo máa fi kún ti àkọ́kọ́.